Mo fẹ́ pààrọ̀ iná táǹkì iyùn mi láti T5 sí LED: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Kúnlé Ògbà | Èkó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ iná ni mo gbé wá lónìí. Táǹkì omi iyọ̀ mi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, omi inú rẹ̀ tó lítà 240. Ọ̀pá iná T5 mẹ́rin, ìyẹn fluorescent tẹ́ẹ́rẹ́, ló wà lórí rẹ̀, wáàtì 54 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iyùn alààyè ni mo ń sìn, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀: zoa ló pọ̀ jù nínú wọn, mushroom wà níbẹ̀, torch kan, hammer kan tó ti la orí mẹ́ta, àti Montipora kékeré kan tí ọ̀rẹ́ mi ṣẹ́ fún mi lára tiẹ̀.

Àwọn ọ̀pá iná yìí ti ń kú lọ. Wọ́n ṣì ń tàn lóòótọ́, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ wọn ti pọ́n, hammer ò sì na ara jáde bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo wá irú rẹ̀ dé Álábà, ti ọ́fíìsì tó ń tàn funfun báláú nìkan ni wọ́n ní. Ẹni tó ń bá mi kó ti táǹkì wá láti òkè òkun ní ẹrù gíláàsì ti sú òun. Owó iná tún ń bẹ ńbẹ̀: Band A ni àdúgbò wa, ẹ ò ní bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti pinnu pé LED ni màá rà. Ṣé méjì á tó fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin? Ṣé kí n ra àpótí dúdú àwọn ará Ṣáínà yẹn, tí wọ́n kọ 165W sí lára, àbí kí n fara da owó gọbọi, kí n ra ojúlówó? Ṣé ínfátà mi sì lè gbé e? Bátìrì 200Ah kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀.

Àǹtí Iyùn | Woolwich, London

Kúnlé, o kú ìtọ́jú wọn. Kó o tó béèrè bóyá á tó, kọ́kọ́ béèrè bóyá kò ní pọ̀ jù. Ẹni tó ń bọ̀ láti ìdí T5 tó ti gbó ni LED tètè máa ń ṣe ní jàǹbá. T5 tó bá ti tàn fún oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, agbára rẹ̀ á ti dín kù, àwọ̀ rẹ̀ á sì ti yí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí iná rẹ ṣe ń rẹlẹ̀ ni iyùn rẹ ń bá a rẹlẹ̀, tó sì ń mọ́ ọn lára. Tó o bá wá gbé iná tuntun gbáà lé e lórí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wàhálà dé.

Inú ẹran ara iyùn ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí à ń pè ní zooxanthellae ń gbé. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, iyùn sì ń jẹ nínú rẹ̀. Bí iná bá kéré, iyùn á jẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i lára òun, ara rẹ̀ á wá dúdú bíi kọfí. Bí iná bá ya lù ú lójijì, wọn ò ní lè lo gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn tán, èyí tó ṣẹ́ kù á bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọ́síjìn olóró sínú ara iyùn, iyùn á sì lé wọn jáde. Ohun tó o máa rí ni pé ó funfun. Kò tíì kú lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ebi ti ń pa á.

Má sì fi ojú lásán wọn ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ ewé àti yẹ́lò lojú ọmọ ènìyàn ń rí jù, búlúù kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú wa, bẹ́ẹ̀ búlúù yẹn gan-an ni iyùn ń lò. Iná á dà bíi pé kò mọ́lẹ̀ rárá, ìwọ á sì máa yí i sókè.

Bàbá Táǹkì | Houston

Òótọ́ ni Àǹtí sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká bú T5 kọjá bó ṣe yẹ. Ọ̀pá tó gùn tó táǹkì fúnra rẹ̀, gbogbo ìhà ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé. LED ń da tiẹ̀ sílẹ̀ láti ojú kan. Ohun tó bá jókòó lábẹ́ òkúta tàbí lábẹ́ iyùn míì, òjìji ló máa wà. Ẹ wo Acropora, iyùn ẹlẹ́ka tó fẹ́ iná púpọ̀, tó dàgbà sábẹ́ LED nìkan: orí ẹ̀ka á tutù yọ̀yọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ṣì. Nítorí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwa àgbà nídìí iṣẹ́ yìí fi fi T5 méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ LED. Tèmi ṣì wà bẹ́ẹ̀ dòní.

Gílóòbù metal halide wáàtì 250 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń jó lórí yanrìn bí òòrùn ọ̀sán gan-an, títí di ìsinsìnyí mi ò tíì rí LED tó wù mí tó o. Àmọ́ ooru rẹ̀! Ẹni tó bá gbé e sórí táǹkì l'Èkó, ẹja síse ló ń lọ yẹn.

Lórí àwọ̀: pupa ni omi òkun kọ́kọ́ ń gbé mì. Tó o bá fi máa wọ omi tó mítà 10, díẹ̀ ló kù, búlúù ló ń lọ jìnnà. Má torí kí ẹja rẹ lè pọ́n dáadáa lójú àlejò kó o wá máa fi funfun àti pupa kún un. Ewé omi tó ń so mọ́ gíláàsì ni wọ́n máa bá ọ bọ́.

Ṣẹ́gun Olómi | Lẹ́kí

Èmi ni mo máa ń bá àwọn ènìyàn tọ́jú táǹkì lágbègbè ibí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àpótí dúdú. Kò burú. Mo mọ èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mélòó kan, tí zoa abẹ́ rẹ̀ bo òkúta mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ 165W sí i lára, ohun tó ń fà ò tó bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì méjì ló ní, ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún funfun. Ibi tí wàhálà wà ni pé tó o bá tan án sí òpin, agbára ẹ̀ ga ju ohun tí ọ̀pọ̀ iyùn lè gbà lọ.

Oníbàárà mi kan l'Íkòyí ra méjì láìsọ fún mi. Ọ̀gá fẹ́ kí àlejò máa rí táǹkì láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá yí bọ́tìnì méjèèjì dé òpin. Nígbà tí mo débẹ̀, torch ti ká gbogbo ọwọ́ rẹ̀ wọlé, ó fún ara rẹ̀ mọ́ egungun débi pé etí egungun yẹn ti gún ẹran ara rẹ̀ já láti inú. Zoa pa ojú dé. Montipora ni mo fi dá ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ̀: òkè rẹ̀ tó kọjú sí iná funfun, abẹ́ rẹ̀ tó wà lójìji ṣì mú àwọ̀ rẹ̀ dání. Tó bá jẹ́ omi ló bàjẹ́ ni, kò ní mú òkè kó fi abẹ́ sílẹ̀.

Mo fa búlúù wá sí ọgbọ̀n lọ́nà ọgọ́rùn-ún, funfun sí mẹ́wàá, mo gbé torch lọ sórí yanrìn. Montipora gba àwọ̀ rẹ̀ padà, ó pẹ́ kó tó gbà á ṣá. Torch bọ́ sọ́wọ́ Ọlọ́run.

Déji Wáyà | Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí èmi oníná dá sí i. Iyùn ò yé mi, wáyà ló yé mi.

T5 mẹ́rin, wáàtì 54, jẹ́ wáàtì 216. Tó bá tàn fún wákàtí 10 lójúmọ́, yúníìtì 2.16 nìyẹn. Tá a bá fi ₦209.50 tí wọ́n kéde fún Band A ní 2024 ṣírò rẹ̀, ó lé ní ₦450 lójoojúmọ́ fún iná orí ẹja. LED méjì irú Kessil A360X tàbí Hydra 32, wáàtì 90 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tàn dé òpin. Tó bá jẹ́ ìdá ọgọ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún lẹ gbé e sí, nǹkan bíi wáàtì 108 ni méjèèjì ń fà, owó yẹn já sí ìdajì.

Ti ínfátà ńkọ́? Ọ̀gá Kúnlé, ẹ má so iná yẹn mọ́ ọn. Bátìrì 200Ah kan jẹ́ wáàtì-wákàtí 2,400 lórí ìwé. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí tubular, ìdajì rẹ̀ ni ká lò tá a bá fẹ́ kó pẹ́. 1,200 nìyẹn. LED yín á jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí 11, ká má tíì sọ èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń mu. Páǹpù tó ń da omi rú ò ju bíi wáàtì 15 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Àǹtí Iyùn

Déji, o ṣeun jàre. O ní iyùn ò yé ọ, o sì ti sọ ohun tó ṣe kókó jù lọ. Tí NEPA bá mú iná lọ, òkùnkùn kọ́ ló ń pa wọ́n. Iyùn lè wà lókùnkùn fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí ìkùukùu bo òkun kì í ṣe ọjọ́ kan nílé ayé yìí. Omi tí ò rú ló ń pa wọ́n, ẹja gan-an ló ń kọ́kọ́ lọ, torí ọ́síjìn á tán nínú omi, omi tó gbóná bíi tiyín l'Èkó kì í sì í gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra. Páǹpù ni kí ẹ fi sórí ínfátà. Iná lè dúró de NEPA.

ỌmọKútọ́nu | Kútọ́nu

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ fáànù. LED tó lágbára ní fáànù nínú, fáànù yẹn ń fa atẹ́gùn oníyọ̀ wọlé látorí omi. Nílé wa níbí tí òkun ò jìnnà, iyọ̀ ti wà nínú atẹ́gùn tẹ́lẹ̀, táǹkì tún fi kún un. Bó bá yá, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í ké fiiin, kò ní pẹ́ dúró, LED á gbóná jù, á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e ga tó sẹ̀ǹtímítà 25 sórí omi, kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lójú iná o. Nígbà ọyẹ́, eruku ló tún ń kún un.

Ẹ tún jẹ́ kí wáyà rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè padà, kí omi tó bá ń ṣàn tọ wáyà lè kán sílẹ̀, kó má wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè mi: omi òkun wa níbí, ṣé a ò lè máa pọn ọ́n lò?

Àǹtí Iyùn

Wo ọmọ yìí! Ọ̀rọ̀ iná là ń sọ. Ṣí ìjíròrò tìẹ, màá wá bá ọ ńbẹ̀. (Má pọn ọ́n ní etíkun tí ìlú ń da ìdọ̀tí sí.)

Kúnlé Ògbà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ti yí ìpinnu padà lórí ínfátà, páǹpù ló máa wà lórí ẹ̀. Mo sì ti bá àbúrò mi obìnrin tó ń bọ̀ láti Leeds sọ̀rọ̀, ó máa bá mi gbé Hydra 32 méjì wá. Ó ní ṣé nítorí ẹja ni. Mo ní nítorí iyùn. Ó ní kí n túbọ̀ ronú.

Bàbá Táǹkì, báwo ni kí n ṣe máa gbé e sókè? Mi ò ní ohun èlò tó ń wọn PAR. Áàpù kan wà lórí fóònù mi tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ṣé ó wúlò?

Bàbá Táǹkì

Áàpù yẹn, fi sílẹ̀. Lux ló ń wọn, ojú ènìyàn ni wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n lux. Lábẹ́ iná búlúù, irọ́ ló máa pa fún ọ. Èyí tá a nílò ni PAR, ìyẹn gbogbo ìmọ́lẹ̀ láti nanometer 400 dé 700 tí ohun tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ lè lò. Ẹ tún ṣọ́ra bí ẹ bá fẹ́ yá mítà lọ́wọ́ ẹnì kan: Apogee ti àtijọ́, MQ-200, kì í ka búlúù tó bó ṣe yẹ. MQ-510 ni kí ẹ wá, abẹ́ omi gan-an ni wọ́n ṣe é fún.

Mo ń bọ̀ nílé ní Disẹ́ḿbà, màá mú tèmi dání. Kí n tó dé, ohun tí wàá ṣe rèé. Gbé iná méjèèjì sókè tó sẹ̀ǹtímítà 25, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láàárín ìdajì táǹkì tiẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ìdá ọgbọ̀n. Áàpù Hydra ní ibì kan tó ń jẹ́ acclimation, òun fúnra rẹ̀ ló máa máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó o bá fẹ́ fọwọ́ ṣe é, ìdá márùn-ún lọ́sẹ̀ kan tó. Wákàtí mẹ́jọ ni kó kọ́kọ́ máa tàn. Tí àwọ̀ iyùn kan bá ń ṣì, dín iná kù, kó o dúró.

Lọ́sẹ̀ tó o bá pààrọ̀ iná, má pààrọ̀ nǹkan míì. Má gbé iyùn kúrò níbi tó wà, má yí iyọ̀ padà, má ra ẹja tuntun. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, o fẹ́ mọ ohun tó fà á.

Ṣẹ́gun Olómi

Mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀ àyàfi ti wákàtí mẹ́jọ. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà wo ló fẹ́ wo táǹkì? Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán, kó máa wọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti aago méje, kó kú ní aago mẹ́wàá. Ìgbà tó ń là àti ìgbà tó ń wọ̀ ò ka nǹkan púpọ̀ sí iyùn lára. Iná òṣùpá tí wọ́n ń tàn mọ́jú yẹn ni kẹ́ ẹ pa.

Kúnlé Ògbà

Ẹ kú ọdún o! Bàbá Táǹkì ti wá, wọ́n ti lọ, wọ́n sì ti jẹ ọ̀fadà ìyàwó mi tán. Mo ní kí n kó ohun tá a rí wá.

Ìdá 45 ni iná wà lọ́jọ́ tá a wọ̀n ọ́n. Orí òkúta tí Montipora jókòó lé jẹ́ PAR 210. Ibi tí torch àti hammer wà jẹ́ 120. Yanrìn láàárín, 85. Igun apá òsì tí mushroom wà ò ju 45 lọ. Bàbá ní ká gbé T5 àtijọ́ padà sórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ká lè mọ ibi tá a ti ń bọ̀. Orí òkúta Montipora kan náà: 95.

Mo wo 95 yẹn, mo dákẹ́. Láìtíì tan iná tuntun dé ìdajì, ó ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ká ní mo tan án dé òpin lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́?

Hammer ti ń na ara, Montipora ti ń yọ etí tuntun tó funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yí ká. Bàbá ní etí funfun yẹn ò burú, ibi tó ti ń dàgbà nìyẹn. Mo fẹ́ gbé e dé ọgọ́ta. Nǹkan kan ló ń bà mí lẹ́rù: alkalinity omi mi, ìyẹn bí omi ṣe lágbára tó láti má ṣe kan, tó máa ń wà ní 8.6 lórí òṣùwọ̀n dKH, ti já sí 7.1, mi ò sì yí nǹkan kan padà.

Bàbá Táǹkì

Ìmọ́lẹ̀ ló fà á. Bí iyùn bá ń rí ìmọ́lẹ̀ tó, á máa kọ́ egungun yára, inú omi ló sì ti ń rí ohun tó fi ń kọ́ ọ. Alkalinity àti calcium ló ń jẹ. Má dà á sókè lẹ́ẹ̀kan, má jẹ́ kó ju dKH 1 lọ lóòjọ́. Lọ́dọ̀ tiyín tí omi ń gbẹ kíákíá nítorí ooru, ìyẹ̀fun calcium tí wọ́n ń pè ní kalkwasser ni mo fara mọ́: pò ó mọ́ omi tó mọ́ tó o fi ń dí èyí tó gbẹ, kó máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀ lóru. Fi ìdámẹ́rin ṣíbí tíì sí lítà kan bẹ̀rẹ̀, kó o máa wọn omi lójoojúmọ́ títí á fi dúró sójú kan.

Àǹtí Iyùn

Ọgọ́ta fún kí ni, Kúnlé? O ò ní Acropora. Zoa, mushroom, torch àti hammer, láti nǹkan bí 50 sí 150 ti tẹ́ wọn lọ́rùn. Montipora nìkan ló fẹ́ tó 200, o sì ti fún un. Dúró síbi tó o dé yẹn. Tó o bá tún gbé e sókè, torch ló máa kọ́kọ́ sọ fún ọ, alkalinity tó ò tíì rí mú yìí á tún sáré ju báyìí lọ.

Déji Wáyà

Èmi náà fọwọ́ sí ti Àǹtí, nítorí owó. Ìdá 45 jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 81. Fún wákàtí mẹ́sàn-án, kò tó yúníìtì kan, nǹkan bíi ₦153 lójúmọ́. Ẹ rántí ibi tá a ti ń bọ̀.

Kúnlé Ògbà

Ó dáa, mo gbọ́. 45 ló máa dúró sí. Mo ti ń wá kalkwasser, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á l'Èkó kó sọ fún mi.

Ṣẹ́gun Olómi

Ó wà lọ́wọ́ mi, pè mí ní ìkọ̀kọ̀. Má fọwọ́ lásán kàn án o, ó ń bó awọ.

ỌmọKútọ́nu

Ọ̀gá Kúnlé, T5 yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ tà á? Bàbá Táǹkì ti mú kó máa wù mí kí n fi méjì sí ẹ̀gbẹ́ LED tèmi.

Kúnlé Ògbà

Àpótí rẹ̀ àti ballast rẹ̀ (ohun tó ń gbé iná fún ọ̀pá) ló ṣì dáa, ọ̀pá inú rẹ̀ ti gbó, ìwọ lo máa wá tuntun. Mi ò gba owó. Bó o bá rí ẹni tó ń bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó wá gbé e, kó sì bá mi mú orí méjì wá lára zoa olómi ọsàn tó o fi fọ́tò rẹ̀ síbí lóṣù tó kọjá.